Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Ọkọ̀ àti Ẹni Tó Ń Bọ̀ Lẹ́yìn Rẹ̀

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ ni pátákó irin tàbí igi tó ti ìdí ọkọ̀ akẹ́rù, píkọ́ọ̀pù tàbí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pa, tí wọ́n ń ṣí wálẹ̀ tàbí gbé sókè nígbà tí wọ́n bá fẹ́ di ẹrù tàbí já ẹrù. Tailgate ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é. Àwọn awakọ̀ àtijọ́ n'Íbàdàn àti l'Ékòó mọ̀ ọ́n sí télíbọ́ọ̀dù. Ní Niamey, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ìwé, orúkọ méjì ló ń jẹ́: ridelle ni ti ọkọ̀ ńlá tó ń ṣubú wálẹ̀, hayon ni èyí tó ń ká sókè lẹ́yìn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ti píkọ́ọ̀pù wà láàárín. Àwọn kan ń pè é ní tibí, àwọn kan ń pè é ní tọ̀hún. Nítorí náà, irú ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó ń wá pààtì àlòkù kọ́kọ́ dá lórúkọ kó tó máa ná owó.

Ara ilẹ̀kùn yìí ni àwọn ìlò yòókù ti yọ. Bí ọkọ̀ kan bá lẹ̀ mọ́ ìdí òmíràn lójú títì, orúkọ ilẹ̀kùn náà ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń pe ìwà ọ̀hún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó tẹ̀lé ẹlòmíràn gba ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì kọjá láìfi káàdì tirẹ̀ hàn, àti ti àsè tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń sè nídìí ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré. Ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ àti ìwà ojú títì ni orí yìí yóò gbé yẹ̀wò jù, nítorí àwọn ló ń gba ẹ̀mí lọ́nà Niger.

Irú ilẹ̀kùn tó wà

Kí píkọ́ọ̀pù tó gbòde, bọ́lẹ̀kájà ni ìran Yorùbá mọ̀: orí irin Bedford tí káfíńtà kan ilé onípákó lé, tí èrò àti ẹrù jọ ń wọ inú rẹ̀, tí ọmọ ọkọ̀ sì ń so rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Pákó ni ilẹ̀kùn rẹ̀, ṣéènì méjì ló sì ń gbé e dúró bí wọ́n bá ṣí i. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń ná Niamey sí Dosso, Birni N'Konni àti Maradi lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i nípa ti ìdí: irin rọ́pò pákó, ṣùgbọ́n ìkọ́ méjì lápá òsì àti ọ̀tún, pẹ̀lú ìdè nísàlẹ̀, ló ṣì ń ṣiṣẹ́ náà.

Ní ti píkọ́ọ̀pù, ọdún 1925 ni Ford kọ́kọ́ ta Model T tó jáde ní ilé iṣẹ́ tòun ti àpótí ẹrù àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ní 281 dọ́là. Àmọ́ ní Niamey, Toyota ló ni ìtàn. Hilux jáde ní 1968, Land Cruiser onípele 70 tẹ̀lé e ní 1984, àwọn méjèèjì ló sì kún títì: ti ìjọba, ti ológun, ti àjọ aláàánú, ti oníṣòwò. Ilẹ̀kùn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ṣubú wálẹ̀ tí yóò sì tẹ́ pẹrẹsẹ, okùn wáyà tàbí irin pẹlẹbẹ méjì ni kì í jẹ́ kó já kọjá ibi tó yẹ.

Irú kẹta ni èyí tó ń ká sókè. Peugeot 504 oníbùtù gígùn ló mú un dé gbogbo gáréèjì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 ní Kaduna, kò sì sí ọ̀nà tó jìn tí kò gbà. Ewu kan wà nínú irú yìí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kà sí. Bí ẹrù bá pọ̀ jù, wọ́n á fi okùn so ilẹ̀kùn náà ní àbọ̀-ṣí, wọ́n á sì gbéra. Afẹ́fẹ́ tó ń yí lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń sáré yóò máa fa èéfín ẹ́sọ́ọ̀sì padà wọ inú ọkọ̀, àwọn tó jókòó lẹ́yìn ni yóò sì kọ́kọ́ fà á símú. Gáàsì olóró inú èéfín náà kò ní òórùn. Orí fífọ́ àti oorun tó ń kunni lójijì ni àmì rẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀nà míì ju kí wọ́n rìn báyìí lọ, gbogbo fèrèsé ni kí wọ́n ṣí, kí wọ́n sì rọra lọ. Èyí tó dára jù ni kí wọ́n gbé ẹrù náà sórí ọkọ̀ kí ilẹ̀kùn lè padé.

Títì rẹ̀ àti ìtọ́jú rẹ̀

Iyanrìn ni ọ̀tá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ní Niamey. Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, ọyẹ́ ń gbé eruku fúlẹ́fúlẹ́ wá láti apá aṣálẹ̀. Bí òjò ọdún tuntun bá sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí oṣù karùn-ún sí ìkẹfà, ìjì eruku pupa a máa dìde tí yóò bo gbogbo ìlú mọ́lẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Eruku yìí ń wọ inú ìkọ́ àti ìdè. Ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń ṣe ni kí wọ́n da ọ́ìlì sí i, ìyẹn gan-an ló sì ń ba nǹkan jẹ́: ọ́ìlì àti iyanrìn á pò pọ̀, wọ́n á máa ha irin bí ìyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi gbọn eruku kúrò, kí wọ́n fi àkísà nù ún, kí ọ́ìlì tó tẹ̀lé e jẹ́ ẹ̀kán díẹ̀, kí wọ́n sì nu èyí tó bá ṣẹ́kù dànù.

Kí ọkọ̀ tó gbéra, ọwọ́ ni kí wọ́n fi yẹ ilẹ̀kùn wò, kì í ṣe ojú. Ojú lè rí i pé ó padé nígbà tó jẹ́ pé ìkọ́ apá kan ṣoṣo ló mú. Kí ọmọ ọkọ̀ di etí ilẹ̀kùn mú lápá òsì, kó fà á. Kó bọ́ sí apá ọ̀tún, kó tún fà á. Apá tó bá mì kò tíì wọlé. Lórí ọ̀nà tó ní kòtò, ìkọ́ kan kò lè dá ẹrù dúró. Ilẹ̀kùn yóò kọ́kọ́ tẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò já.

Ilẹ̀kùn píkọ́ọ̀pù tún rọrùn láti jí. Lára ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, bí wọ́n bá tú wáyà méjèèjì, tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn dé ìdajì, apá kan ìdè rẹ̀ yóò yọ láìlo ohun èlò kankan. Ìṣẹ́jú kan tó fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Oògùn rẹ̀ kò wọ́n: kíláǹpù irin tí mẹkáníìkì fi ń di họ́ọ̀sì rédíétọ̀ ni kí wọ́n dè mọ́ ibi tí ìdè náà ti ń yọ. Olè kò fẹ́ iṣẹ́ tó máa gba sukurudiráfà.

Ẹrù

Ibi tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti ń dán ọgbọ́n awakọ̀ wò ni orí ẹrù. Hilux ń gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn àpò ọkà mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 100 kílò. Inú àpótí ni wọ́n ṣírò ẹrù yìí sí. Bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí àpò méjì lè jókòó lé e, ìṣirò ti yí padà. Ẹrù tó bá ti kọjá táyà ẹ̀yìn ń tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń gbé imú rẹ̀ sókè. Ọwọ́ ìtọ́kọ̀ yóò fúyẹ́, táyà iwájú kò ní di ilẹ̀ mú dáadáa, bíréèkì iwájú tó yẹ kó ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù kò ní rí ilẹ̀ tẹ̀. Iná iwájú náà yóò máa tàn sójú àwọn tó ń bọ̀. Awakọ̀ tó bá sọ pé ọkọ̀ òun ń léfòó lọ́nà, ìdí ọkọ̀ ni kó lọ wò.

Pákó, irin rọ́ọ̀dù àti páìpù tí wọ́n ń rà ní ọjà Katako kì í sábà wọ inú àpótí tán. Níbí, ṣíṣí ilẹ̀kùn kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ìlànà tí àdéhùn ìrìnnà ojú títì ti Vienna, ti 1968, là sílẹ̀, tí Niger náà fọwọ́ sí, ni pé ẹrù tó bá yọ ju mítà kan lọ lẹ́yìn ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní àmì; bí ilẹ̀ bá sì ṣú, iná pupa àti ohun pupa tó ń dán ni kó wà níbẹ̀. Aṣọ pupa ni gbogbo ayé ń so lọ́sàn-án, kò sì burú, bí kò bá jẹ́ àkísà tí oòrùn ti sọ di funfun. Lóru, aṣọ kì í ṣe àmì. Alùpùpù tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní rí orí rọ́ọ̀dù títí yóò fi dé àyà rẹ̀. Kí wọ́n dúró di ọjọ́ kejì sàn ju kí wọ́n gbé e lóru láìsí iná.

Àlùbọ́sà ní ìṣòro tirẹ̀. Àlùbọ́sà pupa Galmi, tó ń ti agbègbè Tahoua wá, tí wọ́n ń kó lọ sí Benin, Gánà àti Abidjan, kò fẹ́ ooru. Bí wọ́n bá fi tapólì àti ilẹ̀kùn irin sé e mọ́ ibì kan, yóò láàágùn, yóò sì rà kó tó dé ọjà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi igi tàbí àwọ̀n dí ìdí ọkọ̀ alálùbọ́sà dípò kí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n igi àti àwọ̀n náà gbọ́dọ̀ lè gba ẹrù dúró bí ọkọ̀ bá ń gun òkè, nítorí ìgbà náà ni gbogbo àpò máa ń fara ti ẹ̀yìn.

Ní ti ẹran ọ̀sìn, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá, tí wọ́n ń pè ní Tabaski ní Niger, ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ń ṣiṣẹ́ jù lọ ní Niamey. Láti ọjà ẹran Tourakou àti láti ìgbèríko, àgbò ń wọ píkọ́ọ̀pù, orí ọkọ̀ èrò àti ẹ̀yìn alùpùpù. Ilẹ̀kùn Hilux kò ga tó àyà àgbò tó dàgbà. Bí ẹran bá bẹ́, orí títì ló bọ́ sí. Kí wọ́n kan igi mẹ́rin yí àpótí ká, kí wọ́n so ẹran mọ́lẹ̀ níhà iwájú, kí okùn má sì gùn débi tí ẹran lè fi kọjá ilẹ̀kùn: àgbò tó bẹ́ sóde tí okùn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ kò ní dé ilé láàyè.

Fún àwọn ọkọ̀ ńlá, àjọ ọrọ̀ ajé UEMOA, tí Niger wà nínú rẹ̀, ṣe ìlànà 14/2005 lórí ìwọ̀n àti gíga ẹrù. Ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ kò gbọdọ̀ ga ju mítà mẹ́rin lọ, tírélà tó wúwo jù kò sì gbọdọ̀ ju tọ́ọ̀nù 51 lọ pẹ̀lú ohun tó gbé. Ẹni tó bá ti dúró ní ìbùdókọ̀ Wadata fún wákàtí kan mọ̀ pé òfin yìí àti ohun tó ń kọjá kì í ṣe ọmọ ìyá. Àpò máa ń ga ju ilẹ̀kùn lọ ní ìlọ́po méjì, wọ́n á tún so kéègì, ẹní àti kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà lóde. Ohun tí wọ́n so síta yìí sábà máa ń bo iná ẹ̀yìn àti nọ́ńbà ọkọ̀. Bí awakọ̀ kò bá lè dín ẹrù kù, ó kéré tán kó wá sẹ́yìn, kó ní kí ẹnì kan tẹ bíréèkì, kó sì fojú ara rẹ̀ rí iná tó tàn.

Èèyàn lẹ́yìn ọkọ̀

Karen mota ni Hausa ń pe ọmọ ọkọ̀ tó ń dúró lẹ́yìn. Orúkọ tí kò buyì kún ni, nítorí ajá ni kare, ọ̀pọ̀ sì ń sọ ọ́ di yaron mota, ọmọ ọkọ̀, nígbà tí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ le. Òun ló ń ti ilẹ̀kùn, òun ló ń fi òkúta há táyà, òun ló ń pe awakọ̀ bí ọkọ̀ bá ń rìn padà sẹ́yìn. Kò sí ibi tó léwu tó ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń padà sẹ́yìn. Kí òun àti awakọ̀ fẹnu kò lórí àmì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: ìgbà mélòó ni yóò lu ara ọkọ̀ fún "máa bọ̀", ìgbà mélòó fún "ó tó". Ní gáréèjì tí Yorùbá, Hausa àti Zarma ti jọ ń ṣiṣẹ́, ẹnì kan lè máa pariwo pé "Ó tó!" kí awakọ̀ máa retí "Ya isa!" kí ọkọ̀ sì ti kan ògiri. Kí ọmọ ọkọ̀ máa dúró sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí dígí ọkọ̀ ti ń gbé e, kó má ṣe dúró sí àárín ọkọ̀ àti ògiri láé.

Níbi tí ayé ti mọ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù Niger jù ni ọ̀nà Agadez sí Líbíà. Àwọn arìnrìn-àjò láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn gba Niamey kọjá, ń jókòó lórí Hilux kan, nǹkan bí èèyàn 25 sí 30. Wọ́n ń ki igi bọ àárín ẹrù létí àpótí. Ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ á gbá igi náà mọ́ àárín itan, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa fì síta. Kéègì omi tí wọ́n fi àpò wé ń so rọ̀ lára ọkọ̀. Ẹni tó bá já bọ́ nínú aṣálẹ̀, ọkọ̀ lè má dúró dè é. Òfin 2015-036, ti oṣù karùn-ún 2015, sọ iṣẹ́ kíkó èèyàn lọ yìí di ọ̀ràn. Ìjọba ológun fagi lé e ní oṣù kọkànlá 2023. Pé òfin ti kúrò níbẹ̀ kò tíì sọ igi àárín itan di ìjókòó.

Ìwé ara ilẹ̀kùn

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni wáláà tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń kà, àwọn tó ń kun ọkọ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ara bọ́lẹ̀kájà ni Yorùbá ti kọ "Ayé ń lọ" àti "Ìwà lẹwà" sí. Ara ọkọ̀ Niger ni "Allah ya kiyaye" àti "Sai haƙuri" wà: ìkíní ń tọrọ kí Ọlọ́run pa wá mọ́, ìkejì sì ń ní kí èèyàn ṣe sùúrù. Àwòrán kìnnìún, ràkúnmí tàbí ọkọ̀ òfurufú lè wà láàárín. Lójú ẹni tó ń kun ọkọ̀, ọ̀rọ̀ ló ṣe pàtàkì. Lójú ẹni tó ń wakọ̀ lẹ́yìn, ọ̀dà tó ń dán lóru ló ṣe pàtàkì. Téèpù pupa àti funfun tó ń dán, tí wọ́n lẹ̀ yí etí ilẹ̀kùn ká, ń fi fífẹ̀ ọkọ̀ hàn kódà bí iná rẹ̀ bá kú. Owó rẹ̀ kò tó ti àwòrán kìnnìún.

Lílẹ̀ mọ́ ọkọ̀ nídìí

Àdéhùn Vienna kan náà sọ pé kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn fi àyè tó tó sílẹ̀, kó má bàa kọlu ti iwájú bí ìyẹn bá dúró lójijì. Kò sọ mítà kan pàtó, nítorí mítà ń yí pẹ̀lú eré. Ọkọ̀ tó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí ń rin nǹkan bíi mítà 17 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá di 90, mítà 25 ni. Kí ẹsẹ̀ awakọ̀ tó kúrò lórí iná dé orí bíréèkì, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan ti lọ, ọkọ̀ kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró rárá.

Ìṣẹ́jú àáyá méjì ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń kọ́ni níbi púpọ̀. Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n rọrùn. Kí awakọ̀ yan òpó iná tàbí igi kan létí títì. Bí ìdí ọkọ̀ iwájú bá ti kọjá a, kó bẹ̀rẹ̀ sí í kà láìkánjú: ọ̀kànlélógún, èjìlélógún. Bí imú ọkọ̀ tirẹ̀ bá dé ibi òpó kó tó kà tán, ó ti sún mọ́ jù. Bí òjò bá ń rọ̀, kó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí eruku bá bo ojú, tàbí ilẹ̀ ṣú, tàbí tírélà ni òun fúnra rẹ̀ ń wà, kó tún fi kún un. Bíréèkì afẹ́fẹ́ ti ọkọ̀ ńlá kì í mú ní kíá bíi ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn awakọ̀ máa ń sọ ni pé bí èèyàn bá fi àyè sílẹ̀, ẹlòmíràn yóò wọ ibẹ̀. Òótọ́ ni. Bó bá wọlé, kí awakọ̀ tún fà sẹ́yìn díẹ̀. Láti Niamey dé Dosso, tó tó 140 kìlómítà, gbogbo àyè tó bá fi sílẹ̀ fún irú àwọn bẹ́ẹ̀ kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Láàárín ìlú, àwọn afárá ni ibi tí wọ́n ti ń lẹ̀ mọ́ ara wọn jù. Títí di 2011, Afárá Kennedy, tí wọ́n ṣí ní 1970, nìkan ni ọ̀nà tí ọkọ̀ ní láti gba orí odò Ọya kọjá láti àárín ìlú lọ sí Harobanda. Èkejì tí China kọ́ ṣí ní 2011, ẹ̀kẹta tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀gágun Seyni Kountché pè ṣí ní 2021, síbẹ̀ orí Kennedy kò tíì dá. Táksí, bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n ń pè ní faba-faba, alùpùpù, kẹ̀kẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ràkúnmí tó gbé igi ìdáná jọ ń pín in. Ràkúnmí kò ní iná bíréèkì. Níbí, kì í ṣe eré ló ń fa ìkọlù bí kò ṣe pé ojú awakọ̀ wà lára fóònù nígbà tí ìlà ọkọ̀ bá dúró. Bí ọkọ̀ bá dúró lẹ́yìn òmíràn, kí awakọ̀ ṣì lè rí ibi tí táyà ẹ̀yìn ti iwájú ti kan ilẹ̀. Bí kò bá rí i mọ́, kò ní àyè láti yà bí ti iwájú bá bàjẹ́ tàbí tó yí padà.

Lóde ìlú, ọkọ̀ tó dúró ló burú ju èyí tó ń rìn lọ. Tírélà tó bàjẹ́ lóru á dúró sí ojú ọ̀nà láìní iná, ẹ̀ka igi tí ọmọ ọkọ̀ tò sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sì ni àmì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá rí ewé tútù lórí ọ̀dà, kó tẹ bíréèkì kó tó máa wá ohun tó fà á. Bí ọkọ̀ kékeré bá wọ abẹ́ ìdí tírélà, iwájú rẹ̀ kò ní kan ohunkóhun. Gíláàsì àti orí èèyàn ni yóò kan irin. Báyìí ni Jayne Mansfield, òṣèré Amẹ́ríkà, ṣe kú nítòsí New Orleans ní oṣù kẹfà 1967, òun ni wọ́n sì fi ń pe irin ìdábùú tí wọ́n ń dè sísàlẹ̀ ìdí tírélà. Ẹni tó bá ń ra tírélà àlòkù ní Niamey, kó wò bóyá irin yìí ṣì wà. Àwọn kan ti gé e dànù kí ó má bàa gbá ilẹ̀ ní ọ̀nà burúkú. Ajórin lè dá a padà láàárín ọjọ́ kan.

Tánkà epo béèrè àyè ju gbogbo wọn lọ. Ní alẹ́ tó mọ́ ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún 2019, tánkà kan dojú dé nítòsí pápá ọkọ̀ òfurufú Niamey, àwọn èèyàn ya bò ó láti gbọ́n epo, ó sì gbiná. Ó ju èèyàn 50 lọ tó kú. Awakọ̀ tó bá wà lẹ́yìn tánkà tó ṣubú, kó dúró lókèèrè, kó yí padà bó bá lè ṣe é; bí kò bá lè ṣe é, kó pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ẹnubodè Gaya sí Malanville ní 2023, ọ̀pọ̀ ẹrù tó ń gba Cotonou wá tẹ́lẹ̀ ti yà gba Lomé àti Burkina Faso, ológun sì ń sin àwọn ọkọ̀ náà lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Nínú ọ̀wọ́ yìí, ẹ̀rù kí ọkọ̀ òun má ṣẹ́kù sẹ́yìn ló ń mú awakọ̀ lẹ̀ mọ́ ìdí ẹlòmíràn, eruku ọkọ̀ mẹ́wàá sì wà níwájú. Eré ló yẹ kí ọ̀wọ́ dín kù. Kò yẹ kí wọ́n dín àyè kù. Bí iwájú bá sáré ju bí ẹ̀yìn ṣe lè tẹ̀lé e láìléwu lọ, kí àwọn awakọ̀ fọ̀rọ̀ lọ olórí ọ̀wọ́ nígbà tí wọ́n bá dúró.

Ẹni tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ nídìí náà ní ohun tó lè ṣe. Kó má ṣe tẹ bíréèkì lójijì láti fi kọ́ ẹni ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ fi ń di ẹni à ń gbé lọ ọsibítù. Kó fi àyè kún iwájú ara rẹ̀, kí òun lè máa dúró díẹ̀díẹ̀, kó sì jẹ́ kí ẹni ẹ̀yìn kọjá. Níbi tí wọ́n ti ń gba ọ̀tún rìn, bíi ti Niger, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ọkọ̀ ńlá ń tan iná ọ̀tún láti fi sọ pé ọ̀nà ṣí, iná òsì láti fi sọ pé nǹkan ń bọ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni, kì í ṣe òfin. Iná òsì kan náà lè túmọ̀ sí pé ó fẹ́ yà. Ojú ẹni tó fẹ́ kọjá ni kó gbẹ́kẹ̀ lé. Ní Britain, láti oṣù kẹjọ 2013, ọlọ́pàá lè bu 100 pọ́n-ùn àti pọ́íǹtì mẹ́ta lé ẹni tó bá lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ nídìí, láìdé kóòtù. Kí Yorùbá tó gba ìwé ìwakọ̀ Niger tó ń lọ wakọ̀ ní London fi sọ́kàn.

Lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì

Niamey ni olú ilé iṣẹ́ àjọ odò Ọya tí wọ́n ń pè ní ABN, ibẹ̀ náà ni AGRHYMET, ilé iṣẹ́ ìwádìí ojú ọjọ́ àti ọ̀gbìn, àti EAMAC, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, wà, yàtọ̀ sí báǹkì àti ilé iṣẹ́ aṣojú. Níbikíbi tí káàdì bá ti ń ṣí ilẹ̀kùn, ẹni tí kò ní káàdì lè dúró de ẹni tó ní in, kó sì bá a wọlé. Ó lè gbé páálí lọ́wọ́ méjèèjì, ó lè máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó lè jẹ́ àgbàlagbà tó kí èèyàn tẹ̀ríntẹ̀rín. Ibi tí ìṣòro Yorùbá wà nìyẹn: ojú ń tì wá láti pa ilẹ̀kùn mọ́ àgbà. Kí wọ́n kọ́kọ́ kí onítọ̀hún dáadáa, kí wọ́n tó sọ ọ́: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi káàdì yín kan ẹ̀rọ, wọ́n ní ẹnì kọ̀ọ̀kan ni." Kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ti ilé iṣẹ́, kó má jọ pé wọ́n fura sí i. Bó bá ní òun gbàgbé káàdì, kí wọ́n sìn ín lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́, kí wọ́n má sì fi òun nìkan sílẹ̀ nínú kọ́rídọ̀.

Àsè àti orin

Ní Amẹ́ríkà, kí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní American football tó bẹ̀rẹ̀, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ máa ń dé sí àyè ìgbọ́kọ̀sí láti àárọ̀. Wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di tábìlì, wọ́n á yan ẹran, wọ́n á mu ọtí. Àwọn Yorùbá tó wà ní Houston mọ̀ ọ́n dáadáa. Niamey kò ní irú rẹ̀ gan-an, àní ní pápá Seyni Kountché tó ti wà láti 1989. Fada ló sún mọ́ ọn jù, ìyẹn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà nídìí tíì. Ṣùgbọ́n fada kò nílò ọkọ̀.

Àwọn olórin New Orleans náà lo ilẹ̀kùn yìí. Nígbà tí ẹgbẹ́ onílù bá ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù polówó kiri ìlú, ìdí ni wọ́n ń fi afọntróḿbóònù sí, kí irin tó ń tì síwájú-sẹ́yìn má bàa gbá ẹnikẹ́ni. Kid Ory, tó kú ní 1973, ni orúkọ rẹ̀ lókìkí jù nínú irú fífọn bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ se àsè lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, yálà ní Houston tàbí ní Niamey, kó mọ̀ pé ilẹ̀kùn náà lè gbé oúnjẹ àti abọ́, ṣùgbọ́n àga ìdáná kò yẹ lórí rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, abẹ́ àpótí ẹrù ni táǹkì epo wà, ilẹ̀kùn sì máa ń mì bí ẹnikẹ́ni bá fara tì í. Ilẹ̀ ni kí wọ́n gbé ààrò sí, kó jìnnà sí ìdí ọkọ̀ ní ìgbésẹ̀ mélòó kan, kí atẹ́gùn máa gbé iná lọ sí ibòmíràn.